Bàbá Ló Wọn Ilẹ̀ Fẹ́ǹsì Náà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí Màmá ti lọ síbi iṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín dá? Ṣé ìyàwó yín ń rí oorun sùn báyìí, àbí ọmọ ṣì ń fi ẹkún gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́? Ẹ bá mi gbé e jó díẹ̀, ẹ ní àǹtí rẹ̀ tí kò tíì rí rí ló ní kí ẹ gbé e jó. Ara Màmá le, àfi orúnkún tó ń dùn wọ́n nítorí ìdúró nídìí ààrò ní ilé búrẹ́dì. Ara èmi náà le. Ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ti ara.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò fi pè yín lórí fóònù. Tí mo bá pè yín, Màmá á wà nítòsí, ohùn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀yin á sì ní, "Ó tó, má sunkún mọ́," ọ̀rọ̀ á wá tán síbẹ̀. Bébà kì í sọ fún èèyàn pé ó tó. Ẹ má wo ti àṣìṣe inú rẹ̀ o. Kíláàsì kẹrin girama ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé torí kí ẹnì kan lè máa wà pẹ̀lú Bàbá nílé ni.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ fẹ́ǹsì ṣe lọ. Ó ti parí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé géètì kọ́. Ẹ ti rí fọ́tò tí Màmá fi ránṣẹ́, ẹ sì ní ó rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́. Ẹni tó bá ń kọjá lọ a máa dúró wò ó. Àmọ́ ohun tí fọ́tò ò lè gbé ni mo fẹ́ kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bínú sí mi.

Agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta la pè. Ẹni àkọ́kọ́ ò sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀ rárá. Ó fi ojú yí ilé ká, ó ní ọjọ́ márùn-ún péré ni, a ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Màmá bi í pé ṣé kò ní wọn ilẹ̀ ni. Ó ní ojú òun gan-an ni téèpù. Màmá ní kó máa rọra gbé téèpù rẹ̀ lọ, kó má lọ já bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹnì kejì, wẹ́dà ni, irin ló fẹ́ fi ṣe gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú irin ṣóńṣó lókè. Ó ní olè tó bá dán an wò pé òun á gùn ún, àárọ̀ ọjọ́ kejì la máa lọ ká a bí aṣọ tó ti gbẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Bàbá ni wọ́n ń wò, níbi tí Bàbá jókòó sí ní fàráńdà tí wọ́n ń tú okùn bàtà wọn, tí wọ́n tún ń so ó. Ẹni tó máa gun fẹ́ǹsì wa kì í ṣe olè.

Ẹnì kẹta ni mo sọ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí kò sí ohun tó lè mú un yára. Ó rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ bí adìyẹ, ó wo ibi tí omi òjò ń gbà kọjá, ó sì lọ bi aládùúgbò léèrè ibi tí ilẹ̀ wa parí sí kó tó bi àwa fúnra wa. Ìgbà tó ṣe gbogbo ìyẹn tán ló wá sọ fún Màmá pé, "Màdáàmù, ẹ má bínú o. Ṣé ẹni tó wà níta lẹ fẹ́ dí lọ́nà ni, àbí ẹni tó wà nínú?" Màmá wọlé lọ bu omi tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Èmi ni mo sọ fún un pé ẹni tó wà nínú ni.

Kò béèrè ta ni. Ó kàn ń ṣàlàyé fún mi bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé ìṣirò. Ó ní tó bá jẹ́ nítorí olè, inú ọgbà ni èèyàn á yọ òpó sí, kí ẹni tó wà níta má baà rí ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ gòkè. Tó bá jẹ́ nítorí ẹni inú ilé, ìta ni òpó á wà, ojú tó jọ̀lọ̀ ni wọ́n á kọ sínú, kò ní sí búlọ́ọ̀kù oníhò níbi tí ẹsẹ̀ lè dé, géètì á sì máa ní àgádágodo tọ̀sán tòru. Èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ògiri ní ojú, ó tún ní ẹ̀yìn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí bébà: iye ọjọ́ tó máa gbà, bí ìpìlẹ̀ ṣe máa jìn tó, ẹni tó máa kó ìdọ̀tí kúrò nílẹ̀. Màmá fọwọ́ sí i. Bí a ṣe gbà á síṣẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló wá wọn ilẹ̀. Bàbá rí i tó ń kan èèkàn mọ́lẹ̀, tó ń na okùn. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo ti rò pé wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n lọ mú, àfi bí wọ́n ṣe jáde pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ wọn lórí, àti téèpù àtijọ́ tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti ń pa rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó ọdún méjì tí Bàbá ti dé fìlà yẹn kẹ́yìn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀gá bíríkìlà tí wọ́n jẹ́ kí àìsàn ìgbàgbé yìí tó mú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè mí?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wò mí. Mo fi orí dá a lóhùn pé kó gbà. Ó ṣí fìlà tirẹ̀, ó ní, "Èmi ni, sà. Mo ní kí ẹ bá mi wò ó ni."

Wọ́n bá a wò ó lóòótọ́. Wọ́n ní igun tó wà lápá ẹ̀rọ omi wọ́. Wọ́n fi okùn wọn ẹsẹ̀ mẹ́ta sí apá kan, wọ́n wọn ẹsẹ̀ mẹ́rin sí apá kejì, wọ́n ní tí àárín orí méjèèjì ò bá pé ẹsẹ̀ márùn-ún géérégé, igun náà ń purọ́ ni. Kò pé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi téèpù tirẹ̀ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó wá fa èèkàn rẹ̀ tu. Bàbá tí wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bóyá àwọn ti jẹun ni wọ́n tún igun ṣe fún agbaṣẹ́ṣe. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ lọ pe àwọn ará àdúgbò kí wọ́n wá wò ó.

Bàbá nu téèpù, wọ́n ní, "Ilé ta ni?" Màmá wà lójú fèrèsé. Mo bá ní ilé bàbá kan ni. Wọ́n ní kí ni bàbá ọ̀hún fẹ́ fi fẹ́ǹsì ṣe, ṣebí àdúgbò yìí tura. Mo ní wọ́n máa ń jáde ni, wọn kì í mọ̀nà padà. Ojú Bàbá yí padà. "Ó mà ṣe o. Ṣé kò bímọ ni?" Mo ní wọ́n bímọ. Wọ́n ní mélòó. Mo ní méjì.

Bàbá káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tí kò bá sẹ́ni tó lè máa bá a rìn, ẹ mọ ọ́n. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé torí òun ni." Wọ́n ní ẹsẹ̀ mẹ́fà ti tó, kí wọ́n má gbé e ga bíi ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní ní ọ̀kánkán fàráńdà, kí wọ́n dá fèrèsé kékeré kan sí ara ògiri, kó ṣe déédéé ojú ẹni tó jókòó, kí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì ṣe bẹ́ńṣì sídìí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń rí ojú ọ̀nà, kì í fi gbogbo ìgbà rántí pé òun ò lè débẹ̀." Fèrèsé tí ẹ yìn nínú fọ́tò, tí ẹ ní agbaṣẹ́ṣe náà lọ́pọlọ, ọpọlọ Bàbá ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́rùn mi gan-an nìyí. Mo ti fẹ́ fi í sílẹ̀ láì kọ ọ́, bébà méjì ni mo ti fà ya. Ọjọ́ tí Bàbá sọnù, tí mo sọ fún gbogbo yín pé balùwẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi jáde, irọ́ ni mo pa. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ti ń béèrè ìgbà tí ọkọ̀ ibi iṣẹ́ máa dé. Mo dáhùn, mo dáhùn, ó sú mi. Ọjọ́ yẹn náà ni àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì ń lọ ṣe ìdánwò àṣejáde. Iwájú ilé wa ni wọ́n gbà kọjá, aṣọ wọn mọ́, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan juwọ́ sí mi. Ṣòkòtò Bàbá tí ìtọ̀ ti rin ló wà lọ́wọ́ tí mo fẹ́ fi juwọ́ padà. Bàbá tún bi mí léèrè ọkọ̀. Mo bá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo ní, "Ọkọ̀ ti dé. Ó ń dúró dè yín lójú títì. Ẹ máa lọ."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, wọ́n lọ. Mo ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo jókòó, ilé sì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, kí n má purọ́ kún irọ́: ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mọ́ mi. Ìgbà tí mo fi máa dìde lọ wò wọ́n, mi ò bá ẹnì kankan lójú títì. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Bàbá ní ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán lẹ́yìn ojú irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn, ọrùn ẹsẹ̀ wọn ti wú, ètè wọn ti bó. Bàbá sọ fún àwọn tó rí wọn pé àwọn ń dúró de àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ni.

Ẹ̀yin lẹ pè lọ́jọ́ náà, tí ẹ ní fẹ́ǹsì ló kù, kò sí nǹkan míì. Màmá ń sunkún, wọ́n ń pa á lówe pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ọ́, ká yáa tètè dí ibi tó lanu. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń gbọ́. Èmi ni ibi tó lanu. Kó tó di ọjọ́ yẹn, Bàbá ò kọjá ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ̀rọ̀ rí. Wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á padà wálé fúnra wọn. Kò sí ohun tí wọ́n ṣe tá a fi mọ ògiri yí wọn ká. Èmi ni mo lé wọn jáde, àwọn la sì tì mọ́lé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Àràárọ̀ ni Bàbá ń dé fìlà lọ síbi iṣẹ́, ìyẹn ni pé wọ́n sọ àtẹ̀gùn mẹ́ta kalẹ̀. Wọ́n ń bu omi sí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń di ojú kan wo òpó bóyá ó dúró ṣánṣán. Ọ̀gá Àgbà ni àwọn bíríkìlà ń pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi sọ pé tí Ọ̀gá Àgbà bá ti di ojú kan wo iṣẹ́ òun, òun a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bàbá ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọn ò béèrè ọkọ̀ kankan. Màmá rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ, ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo wá ń gbàdúrà pé kí òjò máa rọ̀ kí iṣẹ́ lè falẹ̀. Ó rọ̀, ọjọ́ kan péré.

Nígbà tí wọ́n gbé géètì kọ́ tán, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó kọ́kọ́rọ́ fún mi nítorí Màmá wà níbi iṣẹ́. Ó bọ Bàbá lọ́wọ́, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì lọ. Bàbá fọ ọwọ́, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n ká fìlà sínú àpò, wọ́n gbé àpò kọ́ èjìká, wọ́n wá bá mi. Wọ́n ní, "Sìsí, iṣẹ́ yín ti parí o. Ẹ bá mi kí màdáàmù. Ẹ wá ṣí géètì fún mi kí n máa lọ sílé." Mo ní Bàbá, ilé rèé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí oníṣẹ́ máa ń rín sí ọmọ oníbàárà rẹ̀. "Sìsí, ilé tèmi ò ní fẹ́ǹsì." Wọ́n ní ọmọkùnrin àwọn á ti máa kàwé lórí tábìlì báyìí, ọmọbìnrin kan sì wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ máa ń ṣú bí òjò, kì í fẹnu kan oúnjẹ àfi tí àwọn bá dé.

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Mo ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ti jáde. Wọ́n ní kò burú, àwọn máa dúró. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì sìmẹ́ńtì, àpò lórí itan, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà gba inú fèrèsé yẹn. Wọn ò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bínú. Nígbà tí Màmá dé, Bàbá dìde fún wọn, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, màdáàmù. Iṣẹ́ ti parí o." Màmá wọ pálọ̀, wọn ò bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí aago mẹ́rin bá ti lù, bẹ́ẹ̀ náà ni. Sìsí, ẹ wá ṣí géètì. Irọ́ kan náà ni mo sì ń pa.

Mi ò ní kí ẹ wá wó fẹ́ǹsì. Iṣẹ́ rere ni, Bàbá ló wọ̀n ọ́n. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí ẹ mọ ọ́n fún. Tí ẹ bá fẹ́ kórìíra mi, mo ti ń bá yín ṣe é láti ọjọ́ yìí, kò ní ṣòro fún yín. Àmọ́ ẹ wá sílé. Ẹ má ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Nínú ilé tí Bàbá ń wá lọ yẹn, ẹ̀yin náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ ń kàwé lórí tábìlì, èmi ò sì tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á gbàgbé ilé yẹn náà. Màmá ò tíì mọ̀ nípa irọ́ mi. Lọ́la ni mo máa sọ fún wọn, kó tó di pé ẹnu yín ni wọ́n á ti gbọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ yín dàgbà lójú yín. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣìnà débi tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ò ní rí i. Kí iṣẹ́ ọwọ́ yín máa gbè yín, kí ẹsẹ̀ yín sì rántí ọ̀nà ilé. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin tó pa irọ́ fún yín,
Òjòńṣú.

Mo tún rántí kọ eléyìí, ọjọ́ Àìkú: Mo ti sọ fún Màmá, nídìí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Wọn ò nà mí. Wọ́n fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn títí tí kò fi sí omi nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n ṣì ń fún un lọ. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, mo yọ kọ́kọ́rọ́ lójú wọn, mo ṣí géètì fún Bàbá, mo sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. A kọjá ṣọ́ọ̀bù. A dé ojú títì. Bàbá wẹ̀yìn, wọ́n rí mi, wọ́n ní, "Sìsí, ibo lẹ̀ ń lọ?" Mo ní mo ń sìn wọ́n ni. Wọ́n wo oòrùn, wọ́n wo mọ́tò tó ń kọjá, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọ̀nà àwọn ṣì jìn, ilẹ̀ máa tó ṣú, kì í ṣe ibi tí ọmọbìnrin ti ń dá rìn padà, àwọn náà ní ọmọ. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọn ò ṣì kọ̀rọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n mú mi dé ẹnu géètì, wọ́n kàn án, wọ́n dúró títí Màmá fi jáde. Wọ́n fi ọwọ́ mi lé Màmá lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Màdáàmù, ọmọ yín rèé. Díẹ̀ ló kù kó sọnù."